Ohun tí mo yọ àti ohun tí mo fi sílẹ̀ lára Ìjàpá ìyá mi

Fẹ́ńdà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, páànù tó bo táyà, lára Volkswagen Beetle ìyá mi, èyí tí à ń pè ní Ìjàpá, kì í ṣe ti ọkọ̀ náà. Bí ẹ bá fi èékánná họ ọ̀dà búlúù ara rẹ̀ díẹ̀, àwọ̀ ọsàn lẹ máa bá lábẹ́, bẹ́ẹ̀ búlúù ni gbogbo ìyókù ọkọ̀ látilẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Kánádà ní àfi kí n tú u dànù, kí n wá èyí tó bá ọkọ̀ mu. Mo ní mi ò tú u. Ọ̀rọ̀ fẹ́ńdà yìí la fi ń jiyàn jù látìgbà tí mo ti ń tún Ìjàpá yìí ṣe nínú ọgbà ilé wa ní Ilé-Ifẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni mo ti wá mọ ohun tí mo gbà gbọ́ nípa iṣẹ́ náà.

Mo gbà pé ọkọ̀ tí a pa tì, kó tó di àpatì, ọwọ́ púpọ̀ ló ti tọ́jú rẹ̀. Bí a bá ń tú u, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyẹn là ń tú. Òmíràn nínú iṣẹ́ náà lè pa èèyàn, ìyẹn gbọ́dọ̀ kúrò láìwojú ẹnikẹ́ni. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá yọ ọ́ ti ba ọkọ̀ jẹ́, bó ti wù kó dán tó lẹ́yìn náà.

Ọdún 1975 ni ìyá mi ra ọkọ̀ náà. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni. Àwọn àgbà á rántí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba ológun fọwọ́ sí lẹ́yìn iṣẹ́ ìgbìmọ̀ Údójì, tí wọ́n sì san owó ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ fún òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975. Ẹlòmíràn fi ra rédíò, ẹlòmíràn fi ṣe ìnáwó. Ìyá mi fi tirẹ̀ kún ẹ̀yáwó ọkọ̀ tí wọ́n ń yá òṣìṣẹ́, ó gba Ìjàpá 1500 tuntun. Oṣù Ẹrẹ́nà ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà ṣí lójú ọ̀nà Àgbádárìgì l'Ékòó. Láti Brazil ni wọ́n ti ń di àwọn ẹ̀yà ara Ìjàpá wá, wọn á sì tò wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí dòní, bí mo bá ń wá písítìnnì àti sílíńdà fún ọkọ̀ yìí, ọ̀nà Brazil ni mo ń wò.

Ifẹ̀ ìgbà náà kún fún Ìjàpá. Nínú ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀, tí wọ́n sọ ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, òun ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń wà. Kò ní ráídétọ̀, kì í mu omi. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, lórí táyà tó ń tì í lọ gan-an, nítorí náà ẹrẹ̀ kì í tètè dá a dúró. Ìyá mi ń gbé e lọ sí Mọ́rọ̀, sí Yákòyó, sí Ẹdúnàbọ̀n, ó ń gbé e lọ sí Ifẹ̀tẹ̀dó pàápàá bí aboyún bá wà tí kò ṣeé gbé kúrò níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ọkọ̀ náà dúró. Wọ́n ti yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́ ní oṣù Ògún 1991, nígbà tí nọ́ńbà ọkọ̀ tuntun sì dé ní 1992, kò kan ọkọ̀ tó wà lábẹ́ igi máńgòrò. Nọ́ńbà OY ló ṣì wà níwájú rẹ̀. Àwa ọmọ lọ ilé ẹ̀kọ́, a lọ ilé ọkọ, a lọ òkè òkun. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ń kan géètì, ìyá mi ń sọ fún wọn pé kò sí lọ́jà. Ìgbà tí mo padà sí Ifẹ̀ kí n lè wà nítòsí rẹ̀ ni mo tó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà.

Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo wá Bàbá lọ. Bàbá ni gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń pè é. Òun ló ń tún ọkọ̀ náà ṣe nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀nà Oǹdó ni ìsọ̀ rẹ̀ wà nígbà náà. Ó ti dàgbà, kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́. Mo bá a níwájú ilé rẹ̀ ní Ìlódè, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́.

"Ọmọ Nọ́ọ̀sì! Ìjàpá yẹn ṣì wà?"

Mo ní ó wà, sà.

"Ẹ ò tíì tà á fún àwọn onírin?"

Mo ní a ò tà á. Ó ní kí n wá gbé òun lọ́jọ́ kejì, kí n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kí òun tó dé.

Nínú gbogbo ohun tí èèyàn sọ fún mi nípa ọkọ̀ yìí, mi ò rí èyí tó tó àṣẹ yẹn. Ẹ́ńjìnnì tó ti jókòó láti ọdún yìí wá, ọ́ìlì ti sọ̀ kúrò lára irin rẹ̀, ìpẹtà sì lè ti mú òrùka písítìnnì mọ́ ara sílíńdà. Ẹni tó bá gbé bátìrì tuntun sí i, tó fi ipá yí i, lè ṣẹ́ òrùka yẹn kó tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ro ọ́ìlì tín-ínrín sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó ní ká fi sílẹ̀. Ó ń padà wá wò ó. Nígbà tó tó àkókò lójú rẹ̀, ó fi sípánà mú nọ́ọ̀tì iwájú dáínámò, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná ọkọ̀, ó fà á jẹ́jẹ́. Ẹ́ńjìnnì náà yí. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn nu ọwọ́ rẹ̀, ó béèrè omi mímu. Èmi ni mo pariwo débi pé ìyá mi jáde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìbànújẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá wà. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí, kó gbé ìjókòó yẹn sókè kó tó gbójú wo ọ̀dà ara rẹ̀. Ásíìdì bátìrì a máa kán síbẹ̀, omi òjò a máa gba etí ilẹ̀kùn wọlé, àwọn méjèèjì á jùmọ̀ jẹ páànù ilẹ̀ ọkọ̀ títí á fi là. Nígbà tí mo gbé tiwa sókè, mo bá àbùlẹ̀ irin kan tí wọ́n jó mọ́ ilẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, lẹ́tà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ yọ lójú rẹ̀: ara dúrọ́ọ̀mù ọ́ìlì ni wẹ́lídà ti gé e. Ìyá mi ní ìgbà SAP ni, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti ìjọba, lẹ́yìn 1986, nígbà tí náírà já wálẹ̀ tí apá òṣìṣẹ́ ìjọba ò ká páátì ọkọ̀ mọ́. Wẹ́lídà yẹn ṣiṣẹ́. Ó lu irin dúrọ́ọ̀mù náà títí ó fi tẹ̀ lé gbogbo kọ́lọ́fín ilẹ̀ ọkọ̀, ó sì kun ọ̀dà dúdú sí ojú ibi tó jó. Àbùlẹ̀ náà ṣì le koko. Ohun tó so ó mọ́ ló ti jẹrà.

Ìyẹn gbọ́dọ̀ kúrò. Orí ilẹ̀ yẹn ni ìjókòó àti ẹsẹ̀ èèyàn dúró lé, bí ó bá já lójú títì, kò sí ọ̀rọ̀ ìtàn níbẹ̀. A gé e, a wá wẹ́lídà tó mọṣẹ́, ó ṣe ilẹ̀ tuntun láti ara páànù tó nípọn. Mo mú àbùlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù náà, mo gbé e sínú ilé.

Okùn bẹntiróò náà kò ṣeé gbára lé. Ẹnìkan ti fi rọ́bà funfun tó mọ́ gaara, irú èyí tí kì í ṣe ti epo, so páìpù mọ́ kàbúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, ó sì fi wáyà lásán dè é. Mo tẹ rọ́bà náà láàárín ìka méjì, ó ṣẹ́. Ibẹ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ni iná ti ń mú ọ̀pọ̀ Ìjàpá. Ẹ wò ó, bí ẹ ò bá ní owó fún nǹkan mìíràn lára ọkọ̀ àtijọ́, ẹ wá owó fún okùn epo àti rọ́bà bíréèkì. Kí ọ̀dà dúró. Kí ìjókòó dúró. Wáyà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré náà, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi gùn ún. Ìyẹn náà kúrò.

Ìgbà tí Bàbá wá tú kàbúrétọ̀ ni nǹkan tí mi ò gbàgbé ṣẹlẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà ní ìdí rẹ̀, ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àlàfo àárín irin méjì, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà. Páálí ṣúgà ni. Ẹni tó ṣe é fi sísọ́ọ̀sì gé e yípo, ó fi òòlù kékeré lu ihò bóòtì méjèèjì kó lè mọ́ etí dáadáa, orúkọ ṣúgà náà ṣì ṣeé kà lábẹ́ ìdọ̀tí. Bàbá gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó sún mọ́ ojú mọ́nà. Igun kan wà tí wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì bù kúrò.

"Èmi ni mo gé èyí," ló wí. "Mo máa ń bu igun kan kí n lè mọ ojú tó kọ sókè. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fi hàn mí."

Páálí náà ti mu epo yó, kò lè padà síbẹ̀. Bàbá gé òmíràn lára ìwé gásíkẹ́ẹ̀tì tó dára, ó sì bu igun rẹ̀. Mo wò ó bó ṣe ń gé e. Ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n bó bá mú ife tíì, kò gbọ̀n nígbà tó mú sísọ́ọ̀sì yẹn.

Bóòtì mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnnì Ìjàpá mọ́ gíà. Bí a bá ti tú wáyà, okùn epo àti ìwọ̀nba nǹkan mìíràn, jáàkì tó dára àti géńdé méjì lè gbé e wá sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gbé tiwa, Bàbá ta omi sílẹ̀ kó tó jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi sípánà kàn án, ó dárúkọ Ògún. Ní ìlú tí Òkè Mògún, ojúbọ Ògún, wà nítòsí ààfin, tí Ọọ̀ni ń gbé adé Àrè lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún nígbà Ọlọ́jọ́, kò sí mẹkáníìkì tó dàgbà tó ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú irin. Ṣọ́ọ̀ṣì ni Bàbá ń lọ lọ́jọ́ Àìkú. Kò rí i pé ọ̀kan dí èkejì lọ́wọ́, èmi náà ò sì bi í.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà dé ilẹ̀ tán, a rí i pé agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé kún inú ilé fáàn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ìyẹn fi burú. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń tu ẹ́ńjìnnì yìí lára, pẹ̀lú ọ́ìlì tí kò ju lítà méjì ààbọ̀ lọ. Ara ọ̀pá dáínámò ni fáàn rẹ̀ wà, fáànbẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń yí àwọn méjèèjì. Bí fáànbẹ́ẹ̀tì bá já, iná pupa dáínámò á tàn níwájú awakọ̀. Nínú ọkọ̀ mìíràn, ẹni tí iná yẹn bá tàn fún lè rọra wa ọkọ̀ dé ilé. Nínú Ìjàpá, kó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, nítorí ẹ̀mí rẹ̀ ti dúró. Ìyá mi mọ èyí dáadáa. Ó máa ń gbé fáànbẹ́ẹ̀tì kejì pamọ́ sínú àpò rẹ̀, pẹ̀lú sípánà tó lè fi pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò gbà pé obìnrin lè wa ọkọ̀.

A pààrọ̀ písítìnnì àti sílíńdà. Bó ṣe rí nìyí: sílíńdà kọ̀ọ̀kan dá dúró, èèyàn lè fa á yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí pé à ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ. Àbúrò mi ló bá wa wá wọn. Mo fẹ́ sọ èyí kedere, nítorí pé mo ti sọ pé à ń jiyàn: láìsí owó rẹ̀, ọkọ̀ yìí kò ní kúrò lábẹ́ máńgòrò. Oṣù Òkúdù 2023 ni ìjọba tú náírà sílẹ̀ lọ́jà dọ́là, iye tí wọ́n pè fún wa lónìí kì í ṣe iye tí a ń bá lọ́la. Ọjà páátì tó wà ní Gáàtì n'Ìbàdàn, níbi tí mo ti lọ wá àwọn rọ́bà kéékèèké, oníṣòwò kan ní kí n sanwó kí òun tó parí gbólóhùn òun, ó lè ti yí padà. Bẹntiróò fúnra rẹ̀ ti wọ́n láti òpin oṣù Ẹ̀bìbí ọdún yẹn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́. Àwọn kan nínú ẹbí béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ó yẹ kéèyàn máa jí ọkọ̀ dìde nígbà tí àwọn tó ní èyí tó ń rìn ń gbé e sílẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. Mi ò ní ìdáhùn tó lè tẹ́ ẹni tí ebi ń pa lọ́rùn. Mo mọ̀ pé ohun tí mo fi owó yẹn ṣe yé mi.

Àárọ̀ kùtù ni Bàbá máa ń tún tápẹ́ẹ̀tì ṣe, ìyẹn àlàfo ìdí fáàfù, kí oòrùn tó dé ara irin. Ó ní ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá. Àlàfo tó ń fi sílẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà, 0.15, ó sì ń tẹ̀ lé bí iná ṣe ń já nínú àwọn sílíńdà: ìkíní, ìkẹrin, ìkẹta, ìkejì. Ó pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó kéré jù, ọmọkùnrin kan tí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, ó fi irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo náà lé e lọ́wọ́, ó ní kó fà á wọlé kó fà á jáde títí yóò fi mọ bó ṣe yẹ kó dì mọ́ ọn. Ọmọ náà fà á, ó ní kò yé òun. Bàbá ní kó tún fà á. Mo jókòó lórí àga onírọ́bà, mo ń wò wọ́n. Tòyótà tòkúnbọ̀ ni ọmọ yìí mọ̀, kọ̀ǹpútà ló ń sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ fún un. Kò sí ẹni tó máa bi kọ̀ǹpútà nípa Ìjàpá. Ìka ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ ọ.

Ó jí lọ́jọ́ kan tí iná mànàmáná ti lọ, tí àdúgbò dákẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ ìró Ìjàpá rí kò lè gbàgbé rẹ̀, bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń gún iyán pọ̀ nínú agbo ilé kan. Àwọn aládùúgbò jáde. Bàbá àgbà kan tó ń kọjá lọ dúró lẹ́nu géètì, ó ń mi orí. Ìyá mi ò dìde lórí ìjókòó rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní: "Ó ń yan ní sílíńdà kan." Bàbá fi etí sí ìdí sukudíréfà gígùn tó fi kan ara ẹ́ńjìnnì, ó ní òótọ́ ni, ìkẹta ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa.

Inú wa dùn, àmọ́ kò pẹ́. Bí a bá ti wà á kọjá Lágéré dé Mayfair, gbígbóná ni. Ó ń gbóná débi pé òórùn ọ́ìlì ń wọ inú ọkọ̀. Mẹkáníìkì ọ̀dọ́ kan tí ẹnìkan júwe fún mi ní kí n fi ọ́ìlì tó nípọn sí i. Bàbá kò gbà. Ó tẹrí wo abẹ́ ọkọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó di ara mú mọ́ ilẹ̀kùn, ó dìde, ó ní: "Àwọn páànù rẹ̀ dà?"

Páànù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ sílíńdà Ìjàpá, lápá méjèèjì, tó ń darí afẹ́fẹ́ kó lè yí irin náà ká kó tó jáde. Rọ́bà sì yí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì wà ká, kí atẹ́gùn gbígbóná ìsàlẹ̀ má bàa padà sókè wọ inú fáàn. Àwọn tó tún ọkọ̀ ṣe kẹ́yìn kó tó dúró ti sọ gbogbo wọn nù. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ń dí sípánà lọ́wọ́, wọn kò sì jọ ohun tó wúlò. Páànù lásán ni lójú wọn. Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe fi sọ́kàn: ìwà àìnáání tó burú jù kì í ṣe ti ewé máńgòrò àti òjò. Ti ẹni tó yọ ohun tí kò yé e ni.

Wíwá páànù yẹn gbé mi káàkiri. Wọn ò ní in ní Gáàtì. Ẹnìkan ní kí n dé Ìpetumodù. Ẹ̀yìn ilé ìyá kan tó ń mọ ìkòkò ni mo bá Ìjàpá kan tí kò ní táyà, tí kò ní gíláàsì, tí adìẹ ti sọ di ilé. Ìkòkò tútù tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú iboji, amọ̀ wà lọ́wọ́ ìyá náà títí dé ìgùnpá. Mo kí i kú iṣẹ́, mo sọ ohun tí mo wá wá. Ó ní ọkọ òun tó ti lọ ló ni ín, òun kò sì lè tà á, nítorí ibẹ̀ ni adìẹ òun ń yé sí. Mo ní, "Ìyá, mi ò fẹ́ ilé adìẹ yín, àwọn páànù abẹ́ ẹ́ńjìnnì ni mo fẹ́." Ó wò mí títí. Ó ní ṣé ìyẹn ló gbé mi wá láti Ifẹ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọmọ iṣẹ́ Bàbá ló wọ abẹ́ rẹ̀. Méjèèjì wà níbẹ̀, wọ́n dípẹtà lójú, wọn ò sì là. Ìyá náà kò gba iye tí mo fi lọ̀ ọ́, ó ní ó pọ̀ jù fún páànù. A gbà pé kí n bá òun fi páànù tuntun bo òrùlé Ìjàpá náà kí òjò má bàa pa ọmọ adìẹ. Mo ṣe é. Láti ọjọ́ tí a ti de páànù wọ̀nyẹn, ẹ́ńjìnnì náà kò gbóná lódì mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà kò pọ̀ lẹ́nu mi. Mo gbé iṣẹ́ náà fún péńtà kan tó kun ún nígbà òjò láìjẹ́ kí abẹ́ rẹ̀ gbẹ. Kí ọyẹ́ tó dé, ọ̀dà ti ń wú sókè lójú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíràn ló họ ọ́ tó tún un kùn.

Ibi ọ̀dà yìí ni èmi àti àbúrò mi ti dé orí fẹ́ńdà. Ó ń wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń tún Ìjàpá ṣe, tí gbogbo bóòtì rẹ̀ rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde. Mo wò wọ́n pẹ̀lú rẹ̀, iṣẹ́ tó wúni lórí ni. Àlàyé rẹ̀ sì mọ́gbọ́n dání: ó ní bí a bá ń fi àbùlẹ̀ sílẹ̀, ìran tó ń bọ̀ kò ní mọ bí ọkọ̀ náà ti rí gan-an. Mo ní bí ó ti rí lọ́jọ́ tó jáde, ọjọ́ kan ni. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ru àwọn aboyún Ìpetumodù.

Aboyún kan ni ìyá mi ń gbé bọ̀ lálẹ́ lọ́jọ́ tí lọ́rí fi ẹ̀gbẹ́ gbá a, tí fẹ́ńdà ẹ̀yìn yẹn fi rún. Ó gbé aláboyún náà dé ilé ìwòsàn, ó gbẹ̀bí, ó tó padà wá wo ohun tó ṣẹ́. Owó àtúnṣe kò sí. Ọ̀gá rẹ̀ kan, nọ́ọ̀sì àgbà, ní Ìjàpá tó ti gbé sílẹ̀: sítíárì rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, nítorí pé kó tó di ọjọ́ 2 oṣù Igbe 1972 ló ti rà á, nígbà tí a ṣì ń wakọ̀ lápá òsì ní Nàìjíríà, kò sì fẹ́ràn láti máa wà á lẹ́yìn ìyípadà náà. Àwọ̀ ọsàn ni ọkọ̀ yẹn. Ó ní kí wọ́n tú fẹ́ńdà rẹ̀ fún ìyá mi, kò gba kọ́bọ̀. Bóòtì ni fẹ́ńdà Ìjàpá fi ń dúró, nítorí náà wọ́n dè é lọ́jọ́ kan náà tó fi padà síbi iṣẹ́.

Bàbá náà ní ohun tirẹ̀ tí mo fi sílẹ̀. Lójú gíláàsì ibi tí wọ́n ti ń ka eré, ọ̀dà pupa kan wà tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́, níbi 80. Òun ló kán an síbẹ̀ lẹ́yìn tí ó tú ẹ́ńjìnnì náà ṣe nígbà kan, kí ìyá mi má bàa sáré kọjá ibẹ̀ títí irin tuntun yóò fi mọwọ́. Ó ní kó nù ún kúrò lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ìyá mi kò nù ún, kò sì sáré kọjá ibẹ̀ mọ́ títí ọkọ̀ náà fi dúró. Ẹni tó tún ibi tí wọ́n ti ń ka eré náà ṣe fún wa fẹ́ fi gíláàsì tuntun sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gba ti àtijọ́ padà.

Mo bi ìyá mi nípa fẹ́ńdà náà, nítorí òun ló lọkọ̀. Ó ní kí n kùn ún ní búlúù bíi ti ìyókù, kí n má tú u. Ó ní ọ̀gá òun yẹn ti kú, kò bímọ, òun kò sì mọ ohun mìíràn rẹ̀ tó ṣì ń rìn láyé. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn fún àbúrò mi lórí fóònù bí ìyá mi ti sọ ọ́. Ó dákẹ́, ó ní òun ṣì rò pé ó yẹ ká wá fẹ́ńdà tó bá a mu rà, ká gbé e pamọ́. Mo gbà fún un. Bó bá rí i, kó fi ránṣẹ́.

Báyìí, ọkọ̀ náà ń rìn. Mo ń gbé ìyá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú rẹ̀, mo sì ń gbé e lọ sọ́jà nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò bá pọ̀. Ọ́ìlì ṣì ń kán díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àwọn túùbù ọ̀pá fáàfù, rọ́bà tí wọ́n ń tà fún wọn nísinsìnyí kò lágbára tó ti àtijọ́. Ibi tí jáàkì ń tì lápá ọ̀tún ti dípẹtà, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ jíjó kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní ọmọ iṣẹ́ òun, èyí tó kọ́ tápẹ́ẹ̀tì, ni kó dúró ti wẹ́lídà kó sì tú fẹ́ńdà kí iná má bàa jó o. Mo ti gbà, mo sì ti ní kó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí bóòtì kọ̀ọ̀kan tó bá yọ lára ti apá ọ̀tún, kí wọ́n lè padà sí ojú ihò wọn.